Bí Mo Ṣe Wá Afẹ́fẹ́ Lọ Nítorí Igi Ọ̀dán Kan Ṣoṣo

Ẹ fa àpótí yín sún mọ́ ìdí igi, nítorí ìtàn yìí gùn, ìbòòji kì í sì í dúró lójú kan de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí oòrùn bá kàn léjìká, kó sún, kó má dá mi dúró.

Èmi ni Ọdẹ́jayì, ọmọ Ọdẹ́tọ́lá, tí ó pa ẹfọ̀n tí ìrù rẹ̀ gùn ju okùn tí wọ́n fi ń so ẹṣin lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ìrù náà wà nínú yàrá mi, ẹ lè wá wò ó. Mo ti bá iwin jẹun nínú abọ́ kan náà, èmi ni mo sì jẹ ẹran tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn-àjò tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, kì í ṣe ẹran ni mo wá lọ. Afẹ́fẹ́ ni mo wá lọ.

Kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ ohun tí mò ń wí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí Ìdí-Ọ̀dán ìlú wa ṣe rí kí ooru tó gbà á. Odò wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú. Igi ọ̀dán wà lójúde gbogbo ilé, ẹ̀ka wọn sì wọnú ara wọn débi pé ọ̀bọ lè ti ẹnubodè dé ààfin láì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Lábẹ́ àwọn igi wọ̀nyí ni àwọn obìnrin wa ti ń ṣe ohun tí wọ́n fi gbajúmọ̀ ní gbogbo agbègbè, ìyẹn ni ilẹ̀ gbígbá. Kí oòrùn tó yọ, ojúde obìnrin gidi ti gbọ́dọ̀ mọ́, kí ipa ìgbálẹ̀ sì hàn lórí iyanrìn bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ìyàwó tí wọ́n bá rí ewé lójúde rẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ, orúkọ rẹ̀ yóò dé odò ṣáájú rẹ̀.

Òfin kan sì wà tó ti wà kí ààfin tó wà. Bí obìnrin bá ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni tó bá dé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ náà, kò sì gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí i. Yóò dúró títí obìnrin náà yóò fi gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tí yóò wí pé, “Mo gbá a tán.” Ọkọ yóò dúró, àlejò yóò dúró, ọba pàápàá yóò dúró. Mo ti rí àwọn tó gbé pósí lọ́wọ́ tí wọ́n dúró de ìyá arúgbó kan tó ń gbá ojúde rẹ̀. Òkú inú pósí náà fara balẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí ọba wa, Ọlọ́dán, gorí oyè, ó fẹ́ kí ìlú rẹ̀ dára ju gbogbo ìlú yòókù lọ. Ó gba wolé-wolé kan síṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Kúyọrọ̀, ọkùnrin tínínrín kan tó máa ń wọ bàtà funfun, ó ní kó máa sọ bí ilé àti òpópónà ṣe gbọ́dọ̀ rí. Kúyọrọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó wo ìlú yí ká, ó rí i pé bí àwọn obìnrin bá gbálẹ̀ tán, ewé mìíràn tún ń já bọ́. Ó ní àwọn igi ni ọ̀daràn. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì fi iṣu ránṣẹ́ sí i. Báyìí ni wọ́n ṣe gé àwọn ọ̀dán. Igi lọ, eruku dé, ó ní kí wọ́n da kọnkéré sí gbogbo ojúde. Kí eruku aládùúgbò má baà fẹ́ wọlé, ó ní kí olúkúlùkù mọ ògiri gíga yí ilé rẹ̀ ká. Ti ọba ló gùn jù nínú gbogbo ògiri náà. Ó gba etí odò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ká koríko orí ilé kúrò, wọ́n kan páànù síbẹ̀. Ìlú mọ́. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, ó mọ́ débi pé adìẹ ń rí ojú ara rẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ooru dé. Kọnkéré ń mu oòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bí a bá fẹ́ sùn, ó ń pọ̀ ọ́ sí wa lára. Páànù ń ṣe tirẹ̀ lókè, àwa wà láàárín bí iṣu inú eérú. Afẹ́fẹ́ kò sì wá mọ́. Ọba kò tètè mọ̀, nítorí ibi gbogbo tó bá ń lọ, Sàlàkọ́ ẹmẹ̀wà rẹ̀, tó ga bí ọ̀pẹ, ń gbé agboòrùn ńlá tẹ̀lé e.

Ọ̀dán kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, èyí tó wà lójúde mi, wọn kò sì tíì da kọnkéré tàbí mọ ògiri síbẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn nítorí Àwẹ̀ró ìyàwó mi. Kí àìsàn tó mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kò sí obìnrin tó lè gbálẹ̀ bí Àwẹ̀ró. Láti ìgbà tí kò ti lè rìn mọ́, ìdí ọ̀dán yẹn ni mo máa ń gbé e sí kí oòrùn tó mú, ibẹ̀ ló sì ń wà títí di ìrọ̀lẹ́, láàárín ewé tí kò lè dìde gbá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo fi í sílẹ̀ nínú yàrá lábẹ́ páànù, nígbà tí mo fi padà dé, ojú rẹ̀ ti yí sókè. Odidi ìkòkò omi ni a dà lé e lórí kó tó dá mi lóhùn. Nítorí náà, bí wọ́n bá gé igi yẹn, ìyàwó mi yóò kú. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Mo lọ sí ààfin. Kúyọrọ̀ ti wà níbẹ̀.

Ó ní, “Kábíyèsí, ọ̀kan ló kù. Ewé rẹ̀ ń fò wọ ilé onílé.”

Mo ní, “Kábíyèsí, láti ìgbà tí wọ́n ti gé àwọn yòókù, ṣé Afẹ́fẹ́ tún wá kí yín?”

Ọba ronú. “Ó pẹ́ tí mo ti gbúròó rẹ̀.”

“Ó bínú ni. Ọ̀rẹ́ ni òun àti igi.”

Kúyọrọ̀ ní, “Ta ló sọ fún ọ? Ṣé ó kọjá lọ́dọ̀ rẹ kó tó lọ ni?”

Ọba rẹ́rìn-ín. “Ọdẹ́jayì, ẹnu rẹ dùn bí ti baba rẹ. Ó dára, lọ pè é wá. Bí Afẹ́fẹ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé nítorí igi ni òun ṣe lọ, n kò ní gé tìrẹ. Ṣùgbọ́n bí oṣù tuntun bá ti lé, ayùn ń bọ̀.”

Mo padà sílé, mo di ẹrù mi. Àwẹ̀ró ń wò mí láti ìdí igi.

Ó ní, “Bàbá Bùnmi, wọ́n ní o ń lọ pe Afẹ́fẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé o mọ ilé rẹ̀?”

“N óò béèrè.”

“Ìwọ tí o kì í béèrè ọ̀nà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi, ìlú ọ̀tọ̀ lo gbé mi lọ. O jẹun tán níbẹ̀ kí o tó mọ̀ pé a kò mọ ìyàwó náà.”

“Oúnjẹ náà dùn.”

“Má lọ ṣe fáàrí fún Afẹ́fẹ́ o. Àgbà ni. Bí o bá rí i, dọ̀bálẹ̀. Kí o sì yára, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ibí kọjá tí wọ́n ń wí pé, ẹ wo olórí agbálẹ̀, ó jókòó sínú pàǹtí.”

N kò ní sọ bí mo ṣe dé Igbó Òjìji, tí wọ́n ní ọ̀nà ilé Afẹ́fẹ́ gbà kọjá, fún yín. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn.

Ẹnu ọ̀nà igbó yẹn ni mo ti pàdé iwin kan tí wọ́n ń pè ní Agbójìjirù. Ojú kan wà níwájú orí rẹ̀, ọ̀kan wà lẹ́yìn, èyí tó wà lẹ́yìn ń sùn. Ó gbé òjìji ńlá kan lé èjìká, ó ká a bí ẹní. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ti sá fún un. Èmi náà ì bá sá, ṣùgbọ́n ẹrù mi wúwo.

Ó ní, “Dúró. Kí ni ohun tó ń gùn láàárọ̀, tó ń kúrú lọ́sàn-án, tó tún ń gùn ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì bọ́ ọ rí? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, tìrẹ di tèmi.”

Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Mo ní, “O gbé e lé èjìká, o wá ń bi mí pé kí ni.”

Iwin náà mí kanlẹ̀. “Gbogbo ènìyàn ló ń wí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n máa gbé e sílẹ̀ kí n tó béèrè. Ó dára, gba èkejì. Kí ni ohun tí ènìyàn ń gbé abẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò mọ̀ pé òun ní in, àfi ọjọ́ tí kò bá sí mọ́?”

Èyí le. Mo ronú títí, ohun kan ṣoṣo ló ń wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, “Ìyàwó mi ni.”

Agbójìjirù jókòó sílẹ̀. Ó ronú lórí rẹ̀. Ojú ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá jí. Ó ní, “Ìbòòji ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé o kò gbà á. Wọlé.”

Nínú igbó náà, mo rí àwọn òjìji igi tí wọ́n tò jọ gègèrè bí aṣọ tí wọ́n ká. Iwin náà sọ fún mi pé bí wọ́n bá gé igi níbikíbi, ìbòòji rẹ̀ kì í rí ibi gbé mọ́, òun ló sì máa ń wá bá. Mo rí ti ọ̀dán ọjà wa níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nítorí ihò tó wà ní apá kan rẹ̀, níbi tí àrá ti ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ṣì tutù. Ó ń ta sánsán bí àgbàdo yíyan tí Ìyá Ṣadé máa ń tà níbẹ̀.

Mo ní, “Ṣé mo lè rù ú lọ sílé?”

“O lè rù ú. Ṣùgbọ́n kò ní dúró lórí ilẹ̀ tí kò sí igi. Mo ti bá àwọn kan gbìyànjú rẹ̀. Ó ń gbẹ bí ìrì ni.”

Mo ká a padà, mo sì ká a dáadáa. Iwin náà fi ọ̀nà ilé Afẹ́fẹ́ hàn mí. Ó ní Ìlú Dídán ló wà láàárín, kí n má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun já bọ́ lára mi níbẹ̀.

Ẹ sún díẹ̀ sí apá òsì. Ìyá arúgbó yẹn, ẹ bá a fa àpótí rẹ̀. Ẹ ṣé.

Ìlú Dídán ti parí ohun tí ìlú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí igi, kò sí koríko, kò sí ilẹ̀ lásán. Gbogbo rẹ̀ ń dán bí abọ́ tánganran. Bàtà onígi gíga ni tọmọdé tàgbà ń wọ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má baà jóná. Bí ìyá bá fẹ́ din ẹyin, yóò fọ́ ọ sójú títì, yóò dúró dè é. Àwọn ẹyẹ tó ń kọjá lórí ìlú náà ń fi ìyẹ́ kan fò, wọ́n ń fi èkejì bojú. N kò retí pé kí ẹ gba èyí gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ la ìlú náà já nígbà tí ewé gbígbẹ kan yọ bọ́ láti inú àpò ọdẹ mi. Àwọn ènìyàn tú ká bí ẹni rí ejò. Wọ́n mú mi, wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ Olórí Ìmọ́tótó wọn. Ọkùnrin náà sanra bí àká àgbàdo, agbádá rẹ̀ sì lè bo ẹṣin àti ẹni tó gùn ún. Ó wo ewé náà, ó mú ojú kúrò.

Ó ní, “Ẹ gbé e sórí Òkúta Mímọ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀.”

Òkúta náà wà láàárín ìlú, ó dán, ó gbóná, àmì ìjókòó àwọn tí wọ́n ti gbé síbẹ̀ ṣáájú sì wà lára rẹ̀. Àmì náà nìkan ló kù nínú wọn. Wọ́n dè mí mọ́ ọn. Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìkòkò. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ìbòòji tó tó ti abẹ́rẹ́. Àfi ẹyọ kan. Ìbòòji Olórí Ìmọ́tótó ni, ó sì ti kẹ̀yìn, ó ń lọ.

Mo ní, “Olórí, ṣé ìbejì ni yín, àbí ẹ̀yin nìkan lẹ jẹun tó báyìí?”

Ó yíjú padà. “Kí lo wí?”

“Ẹ sún mọ́ mi, kí n lè fi ọ̀wọ̀ tún un wí.”

Ó sún mọ́ mi. Ìbòòji rẹ̀ bo orí mi, ó dé àyà. Ara tù mí.

Ó ní, “Tún un wí.”

“Ẹ sún díẹ̀ sí i, Olórí. Etí mi gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò tíì gbọ́.”

Láti ìgbà náà, n kò dákẹ́. Mo bú fìlà rẹ̀, mo bú ọrùn rẹ̀, mo bú ẹni tó rán agbádá rẹ̀. Bí oòrùn bá yí, èmi náà á yí ọ̀rọ̀ padà kó lè yí ìdúró rẹ̀ padà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ó bá di ọ̀rọ̀ èébú, n kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo rí i pé a ti pé méjì nínú ìbòòji náà. Ìyá arúgbó kan ti yọ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ọmọ mi, má dákẹ́. Bú baba rẹ̀.”

Mo bú baba rẹ̀. Àwọn mìíràn ń wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò sẹ́yìn wa. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ń sún mọ́ tí òjìji ọkùnrin náà gùn, ìlà náà ti dé ẹnu ọjà. Olórí wá gbójú sókè, ó rí wọn.

“Kí lẹ ń wá nídìí mi?”

Ìyá arúgbó náà ní, “Ìbòòji ni, Olórí. Kò sí òmíràn nílùú.”

Ọkùnrin náà wo òjìji ara rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í hàn. Oòrùn wọ̀, wọ́n tú mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin wọn. Mo gbọ́ pé títí di òní, ọkùnrin yẹn kò lè dá lọ sí ilé ìgbẹ́.

Ní orí òkè kan lẹ́yìn ìlú náà ni mo ti rí ilé Afẹ́fẹ́. Òpó àti òrùlé ni, kò ní ògiri. Obìnrin arúgbó ni Afẹ́fẹ́, ó tín-ín-rín, aṣọ rẹ̀ kò dúró lójú kan, iwájú orí rẹ̀ sì wú kókó-kókó. Mo rántí ohun tí ìyàwó mi wí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ kú ìjókòó, ìyá.”

“Ọmọ ibo ni?”

“Ọmọ Ìdí-Ọ̀dán ni mí.”

Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí. “Wo orí mi.”

“Ta ló lù yín báyìí, ìyá?”

“Ìlú yín ni. Ojú odò ni mo máa ń gbà wá. Màá bọ́jú nínú omi, màá kọjá láàárín àwọn ọ̀dán, wọn á gba ooru lọ́wọ́ mi bí ọmọ ṣe ń gba ẹrù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bí mo bá fi máa dé àgbàlá yín, mo ti tutù. Wọ́n wá ní mo bínú lọ. N kò lọ síbì kankan. Lójoojúmọ́ ni mò ń wá. Mo ń fi orí kan ògiri ọba yín, mo ń padà.”

Mo sọ ohun tí ọba wí fún un, pé kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí. Ó rẹ́rìn-ín, òrùlé ilé náà gbé sókè díẹ̀, ó tún padà bọ́ sípò.

“Ẹnu wo? Ìwọ, níbo lo ti gbọ́ ohùn mi rí?”

Mo ronú. “Nínú ewé ni.”

“Ó dára. Kí lẹ ń ṣe fún ewé?”

“À ń gbá a, ìyá. Obìnrin tí kò bá gbá a, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é.”

“Èmi ni mò ń já a. Láti ìgbà tí ayé ti wà ni mo ti ń já a sílẹ̀, kò sẹ́ni tó pe èmi ní ọ̀lẹ.” Ó tún aṣọ rẹ̀ wé. “Gbọ́. Ẹnu kan ló kù fún mi ní ìlú yín, ojúde rẹ ló sì wà. Bí ọba bá fẹ́ kí n fi í sọ̀rọ̀, kó wó ògiri etí odò.”

“Ògiri ọba fúnra rẹ̀ ni, ìyá.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Orí mi mọ̀ ọ́n.”

Ọdẹ mìíràn ì bá bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Ó ti sùn lọ.

Ìrọ̀lẹ́ tí oṣù tuntun lé, mo ṣì wà nínú igbó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe wọ ìlú, mo gbọ́ ìró ayùn ẹlẹ́ńjìnnì lójúde mi. Wọ́n ń dán an wò. Gbogbo ìlú ti pé síbẹ̀, àfi àwọn tó ń ṣọ́ ilé àti àwọn bíríkìlà. Ọba wà lábẹ́ agboòrùn, Sàlàkọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, Kúyọrọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bàtà funfun. Àwẹ̀ró jókòó sídìí igi rẹ̀ láàárín ewé. Ó wò mí, ó rí i pé èmi nìkan ni mo dé.

Mo jẹ́ iṣẹ́ Afẹ́fẹ́. N kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, èyí tí kì í ṣe ìṣe mi.

Kúyọrọ̀ ní, “Ó lọ wá Afẹ́fẹ́, ògiri ló rí.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọba ní, “Ọdẹ́jayì, ẹlẹ́rìí ni mo ní kí o mú wá, iṣẹ́ lo mú dé. Mo wó ògiri mi nítorí kí ewé lè sọ̀rọ̀? Àwọn bíríkìlà kò tíì rẹ́ ẹ tán. Ẹ gé igi náà.”

Nígbà náà ni Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀. “Kí ẹ pẹ́, Kábíyèsí. Ilẹ̀ ibí dọ̀tí. Kò yẹ kí wọ́n ṣiṣẹ́ ọba lórí ilẹ̀ tó dọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí n gbá a ná.”

Inú Kúyọrọ̀ dùn. Ó ní, “Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn.” Ọba mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àwẹ̀ró ní, “Bàbá Bùnmi, bá mi mú ìgbálẹ̀ mi.” Mo mú un fún un. Ó ti pẹ́ tí kò ti fọwọ́ kàn án.

Ó jókòó gbálẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan wọ́ ara rẹ̀, ó ń fi èkejì gbá, ipa ìgbálẹ̀ náà sì ń yọ lẹ́yìn rẹ̀ bí irun tí wọ́n dì. Àwọn obìnrin tó ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ na ọrùn wò ó. Ó gbá apá ọ̀tún, ó gbá apá òsì. Nígbà tó dé ẹ̀yìn igi, ewé kan já níwájú. Ó padà síwájú.

Ó ní, “Ẹ má bínú, ó tún já.”

Ó gbá a. Òmíràn já lẹ́yìn. Ó lọ síbẹ̀. Ẹni tó gbé ayùn gbé e sílẹ̀, nítorí kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Àwọn èrò kò lè kẹ̀yìn, nítorí wọ́n ti dé ibẹ̀. Oòrùn ń gun òkè. Kọnkéré òpópónà tí gbogbo wa dúró lé bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ọba ní, “Àwẹ̀ró, ṣé kò tíì tán?”

“Ó kù díẹ̀, Kábíyèsí.”

Kúyọrọ̀ ní, “Ìyá, ewé kan péré ló kù. Fi í sílẹ̀.”

“Ọ̀gbẹ́ni wolé-wolé, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ewé kan kì í ṣe kékeré.”

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Èmi tí mo la igbó iwin kọjá, tí mo bú odidi Olórí Ìmọ́tótó títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ìyàwó mi jókòó sójú kan, ó ti dá ọba dúró.

Nígbà tí oòrùn dé àárín òkè, apá Sàlàkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ga, ó súnmọ́ oòrùn jù wá lọ. Ó wó lulẹ̀ bí òpó. Agboòrùn ọba bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí gbirigbiri lọ sórí ilẹ̀ tí Àwẹ̀ró ń gbá, ó dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè tẹ ibẹ̀ láti lọ gbé e. Wọ́n fa Sàlàkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n bu omi sí i lójú. Ọba dúró nínú oòrùn.

N kò rò pé oòrùn ti kan ọkùnrin náà rí láti ọjọ́ tó ti jọba. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé tòsì. Òógùn gba abẹ́ adé wá sí ojú rẹ̀. Ìbòòji ọ̀dán wà níwájú rẹ̀, kò jìnnà ju ibi tí ènìyàn lè na ọwọ́ kàn. Ó ń wò ó. Mo ti rí ojú ẹran tó ń wo omi tí ọdẹ wà létí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ rí.

Ó ní, “Àwẹ̀ró, kí lo fẹ́?”

“N kò fẹ́ nǹkan kan, Kábíyèsí. Ilẹ̀ ni mò ń gbá.”

Ọba yíjú sí mi. “Kí ló ní kí n wó?”

“Ògiri etí odò ni, Kábíyèsí.”

Kúyọrọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọba wo bàtà funfun rẹ̀, ó wá ní, “Ẹ sọ fún àwọn bíríkìlà kí wọ́n wó o.”

Kò sẹ́ni tó lè kúrò níbẹ̀ láti lọ jíṣẹ́, nítorí náà a fi ẹnu gbé e. Àwọn tó wà lẹ́yìn ké e sí ilé tó tẹ̀ lé wa, ilé náà ké e sí òmíràn, títí tó fi dé etí odò. A dúró. A gbọ́ ìró òòlù. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìró ńlá kan bí ìgbà tí erin bá jókòó, eruku sì gòkè.

Kò sí nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí etí gèlè Àwẹ̀ró mira.

Ó gba ojú odò wá, ó tutù, ó ń rùn bí ẹja àti ẹrẹ̀. Ó kọjá lára wa, ó dé orí ọ̀dán. Gbogbo ewé igi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọba gbójú sókè, ó ṣí adé rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

Ó ní, “Kúyọrọ̀, kí lo gbọ́?”

“Kábíyèsí, ewé nìkan ni mo gbọ́.”

Ọba ní, “Èmi náà. Ó tó mi.”

Ewé ń já. Wọ́n ń já bí òjò, wọ́n bo ipa ìgbálẹ̀, wọ́n bo agboòrùn, wọ́n bo ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró méjèèjì dé orúnkún. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú wa dó, kò tíì sí ilẹ̀ tó dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwẹ̀ró wò ó yí ká. Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Mo gbá a tán.”

Ọba sì rìn lórí ewé náà wọ ìbòòji, ó jókòó sídìí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi.

Wọn kò mọ ògiri náà padà. Wọ́n fọ́ kọnkéré lójúde kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbin ọ̀dán síbẹ̀, ẹ̀ka igi yìí ni wọ́n sì gé gbìn. Àwọn obìnrin ṣì ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí igi ni wọ́n ń gbá ewé náà sí. Kúyọrọ̀ kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sán gangan ló ń jáde báyìí, á kan ilẹ̀kùn, á ní, “Níbo ni ìbòòji yín wà?” Bí kò bá rí èyí tí ènìyàn mẹ́ta lè jókòó sí, á bú wọn. Àwẹ̀ró gbó kó tó lọ. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ lẹ rí lórí ẹ̀ka tó wà lókè yín yẹn.

Ìwọ ọmọbìnrin, ewé tó já lé ọ lórí, má gbọ̀n ọ́n nù. Fi í síbẹ̀.

Mo sọ ọ́ tán. Ẹ lè máa tẹ ilẹ̀ lọ.